Yàrá Tí Iná Kì í Ràn

Ìyá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará Ìsìkàn. Ara mi le. Mo ti ríṣẹ́: ilé ńlá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí ni mò ń ṣọ́. Kí iná má baà jó ìwé náà, wọ́n fi ẹ̀rọ dín afẹ́fẹ́ tí à ń mí kù níbẹ̀. Bí èèyàn ṣáná, kò ní ràn.

Wọ́n ní kò léwu, bí a bá sáà ń jáde sinmi ní wákàtí méjì-méjì. Silas, ọmọ Oǹdó tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣubú, ó sì dákú síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti ń lajú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti fi iṣẹ́ rẹ̀ kún tèmi, n kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè jáde mọ́.

Ẹ sọ fún Bàbá pé abẹ́ òrùlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òjò kì í pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ti iná tí kì í ràn yẹn fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí Bàbá tó wọ kànga tí wọ́n ń gbẹ́ fún èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ fi okùn sọ àtùpà kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí àtùpà bá kú, wọn kì í wọ̀ ọ́, ẹni yòówù tí ì báà ni kànga náà.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Fẹ̀yìntọlá. Mo wà dáadáa.

Ọmọ yín,
Yọ̀mí