Aago Mẹ́jọ Alẹ́ Ni Wọ́n Ń Dá Wa Sílẹ̀ Báyìí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í jẹ́ kó sú yín. Ẹ bá mi kà á sí pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, nítorí ní tòótọ́, etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí ní Mushin níbí, tí mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi gbígbóná tí mo bu iyọ̀ sí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Láti ọjọ́ Ajé títí di àná ni mo ti wà lórí ìdúró.

Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Gbádébọ̀, mo kí ìyàwó wọn, ẹ kú ìtọ́jú Ìyá. Mo kí Bàbá Kékeré. Mo gbọ́ pé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, mo dúpẹ́. Mo kí gbogbo ọmọ ilé, pàápàá èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn tí mo lọ, tí kò tíì mọ̀ mí.

Ẹ̀gbọ́n ti ròyìn fún mi ohun tí ẹ ń sọ. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ ó gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó gbé fóònù lé itan, ẹ ó máa wò ó. Wọ́n ní ẹ ní Èkó ti gbé ohùn ọmọ yín mì. Wọ́n tún ní ẹ bi àwọn bóyá ọkùnrin kan ló wà lọ́dọ̀ mi tí kì í fẹ́ kí n pè sílé. Ìyá mi, kò sí ọkùnrin kankan. Bó bá wà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí káàdì fóònù lè gbé lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Mo ti bẹ àwọn oníwèé ìròyìn tó máa ń tẹ lẹ́tà èèyàn jáde pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ìyá tó ń gbé fóònù lé itan ní Ogbómọ̀ṣọ́.

Ẹ máa ń rò pé gáréèjì ni mo ti ń gba owó mọ́tò. Kì í ṣe gáréèjì. Àdúgbò kan ni ní Surulere, tí ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní apá kan rẹ̀, tí ilé oúnjẹ ńlá kan kọjú sí i, tí sọ́ọ̀bù aláṣọ àti oníbàtà tò lọ títí dé ìkòríta. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pín etí títì sí ojú kéékèèké. Ẹni tó bá páàkì mọ́tò sínú ọ̀kan nínú wọn, wákàtí wákàtí ni yóò máa sanwó. Èmi ni mo ń gba owó náà. Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pọ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n fún mi ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí mo ń wọ̀ lé aṣọ, wọ́n fún mi ní fìlà. Wọn ò fún mi ní àga.

Tí wákàtí ẹnì kan bá kọjá tí kò wá san òmíràn, àwọn ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ kiri, wọ́n á fi irin ńlá ti táyà mọ́tò náà pa. Kì í ṣe èmi ni mò ń tì í, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń bá lórí ìdúró, èmi ni wọ́n sì ń bú. Ọmọkùnrin kan tí ǹ bá gbé pọ̀n sọ fún mi pé kí n lọ wá ọkọ fẹ́. Bí oòrùn bá mú, mo wà níbẹ̀. Bí òjò bá dé, màá sá sábẹ́ òrùlé ilé oúnjẹ, bó bá dá, màá padà. Ohun tó tiẹ̀ ń rẹ̀ mí jù kì í ṣe ẹsẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ làwọn èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹni méjì péré ló mọ orúkọ mi.

Ọ̀kan ni Ràsákì, ará Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ wọlé jẹun, kó bá a wa mọ́tò lọ páàkì síbi tí àyè bá wà, kó sì wà á padà wá tó bá jẹun tán. Kò sí iye kan pàtó tí wọ́n ń san. Ohun tó bá wu oníbàárà ló ń fún un, ibẹ̀ ni ìjà sì ti ń wá. Ẹlòmíràn á na owó sí i, ẹlòmíràn á na ìka sí i.

Ẹnì kejì ni Màmá Bọ́lá. Ìjẹ̀ṣà ni Màmá àti ọkọ wọn. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn kíndìnrín tó dá Bàbá Bọ́lá jókòó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, Màmá á wa mọ́tò àtijọ́ wọn wá, wọ́n á di Bàbá mú lọ síbi ẹ̀rọ tó ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn yẹn. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò lè jókòó ti ọkọ wọn. Bí wákàtí kan bá ti fẹ́ pé, wọ́n á sáré jáde wá bá mi, wọ́n á san òmíràn, wọ́n á tún sáré wọlé. Nígbà tí owó ò bá sí lọ́wọ́, wọ́n á wa mọ́tò náà yí àdúgbò po títí ojú wọn á fi pọ́n. Àgbàlagbà ni wọ́n, Ìyá mi, wọ́n á jù yín lọ díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ní orúkọ, mo ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n wò mí láti fìlà dé bàtà. Wọ́n ní, “Ẹni tí a bẹ̀ kí á lè kẹ́, òun ni wọ́n wá fi sínú oòrùn báyìí?” Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ṣe bí ẹni ń wo mọ́tò tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ara Bàbá yí padà lórí ẹ̀rọ. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n di ọwọ́ ìyàwó wọn mú, wọn ò jẹ́ kí Màmá lọ. Wákàtí kọjá. Àwọn onírin dé. Mo sáré bá wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ẹni tó ni mọ́tò yìí, ara ọkọ wọn ni ò yá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi owó ara mi ra wákàtí kan sí i. Ọ̀gá wọn ní aago ti kọjá, pé òun náà ní ọ̀gá tó ń wo òun. Ìṣojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ti táyà náà pa.

Nígbà tí Màmá fi mú Bàbá jáde, oòrùn wà ní àtàrí. Owó ìtanràn tí wọ́n bù fún wọn, kò sí lọ́wọ́ wọn. Bàbá jókòó sí etí gọ́tà, òógùn ti mu ẹ̀wù wọn. Ràsákì ló rí wọn láti òdìkejì, tó sá wọlé, tó gbé ọ̀kan nínú àga oníbàárà jáde, tó sì fà wọ́n dìde jókòó sórí rẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ yọ síta, wọ́n wo àga wọn lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n wo Bàbá, wọ́n padà wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ Màmá kan tó rí owó náà fi ránṣẹ́, kí wọ́n tó tú táyà sílẹ̀. Kí Bàbá tó wọ mọ́tò, wọ́n bi mí ní ohùn kékeré pé ṣé wọn ò ní bá mi wí níbi iṣẹ́ nítorí àwọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹgbẹ́ àdúgbò àti ilé-iṣẹ́ wa pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Wọ́n fẹ́ fẹnu kò lórí aago tí sísan owó yóò máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tí yóò máa parí, àti iye tí àwọn bíi Ràsákì yóò máa gbà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn onísọ́ọ̀bù ní àárọ̀ yẹn ti yá jù, ó ń lé oníbàárà. Ìyá onílé-oúnjẹ ní kí ó gùn wọ alẹ́ ni, nítorí bí aago mẹ́fà bá ti lù, ẹni tí kò ra omi lọ́wọ́ àwọn á páàkì síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó fẹ́ wá jẹun ò sì ní rí àyè. Lórí iṣẹ́ Ràsákì, wọ́n ní kí wọ́n kọ iye kan sára pátákó kí ó yé kálukú. Wọ́n fi í sí ẹgbẹ̀rún kan náírà, ìdajì fún un, ìdajì fún ilé oúnjẹ. Ràsákì bi wọ́n pé ẹni tó bá fẹ́ fún òun ní ju ìyẹn lọ ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn di ẹ̀yìn ìpàdé.

Àwa tó ń gbowó, ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ní ká sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága bèèrè bóyá ó ku ẹni tó ní nǹkan í sọ, mo bá ara mi lórí ìdúró. Gbogbo ohun tí mo ti tò sínú orí dàrú. Mo kàn ní ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ò lè máa wo aago. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn, láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Mo jókòó. Ó yà mí lẹ́nu pé Ìyá onílé-oúnjẹ ló kọ́kọ́ fèsì. Wọ́n ní òótọ́ ni ọmọ yìí sọ, pé àwọn rí bàbá arúgbó kan létí gọ́tà, àti pé ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lójú àwọn.

Alága ò bá wa jiyàn. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí dára, àmọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ máa pàdánù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, níbo ni yóò ti jáde? Ọkùnrin tó ṣojú ilé-iṣẹ́ wa ní tí wọ́n bá fi wákàtí méjì kún ìrọ̀lẹ́, yóò dí i. Kí aago àárọ̀ wà bó ṣe wà, kí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ di mẹ́jọ. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Onílé àti onísọ́ọ̀bù nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti nawọ́. Mò ń wo ọwọ́ wọn bó ṣe ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wákàtí méjì tí wọ́n ń pín yẹn, tèmi ni.

Mo bi ọkùnrin ilé-iṣẹ́ wa lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé owó oṣù wa á gbéra. Ó ní ká ṣì máa wò ó ná. A ṣì ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n fún yín lóṣù yìí kò fi yàtọ̀. Ẹ má rò pé mò ń fi nǹkan pamọ́.

Ohun tó gba ohùn mi lọ́wọ́ yín nìyẹn. Bí a bá ṣíwọ́ ní aago mẹ́jọ, mo gbọ́dọ̀ lọ dá ẹ̀rọ padà kí n tó wá ọkọ̀ lọ sí Mushin. N ò lè yọ fóònù lójú títì, wọ́n á já a gbà. Ìgbà tí màá fi ṣílẹ̀kùn, ẹ ti sùn, n ò sì fẹ́ kí fóònù dún kí àyà yín já. Ìyá mi, ìrọ̀lẹ́ tí mo máa ń pè yín tẹ́lẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní ní Èkó. Ẹ máa ń sọ ohun tí ẹ sè fún mi. Ẹ máa ń bá mi bínú sí ewúrẹ́ aládùúgbò. Màá dùbúlẹ̀, màá di ojú, bí ẹni pé orí ẹní yín ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ẹ bá jí gbàdúrà láàárọ̀ kùtù. Èmi náà ti ń jí nígbà yẹn. Tó bá dún, èmi ni.

Ràsákì ní ẹnu mi ló kó bá mi, pé ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́, aago mẹ́fà ni ǹ bá ṣì máa lọ sílé. Kò purọ́. Mo ti kábàámọ̀ rẹ̀ nínú òjò, mo ti kábàámọ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo ti fi ẹsẹ̀ kan dúró. N ò ní tàn yín pé inú mi ń dùn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Màmá Bọ́lá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n mú Bàbá wọlé, n ò sì rí wọn mọ́. Wákàtí kan kọjá, òmíràn kọjá. Ọkàn mi ò balẹ̀, torí ó ti mọ́ mi lára kí n máa rí wọn kí wọ́n máa sáré bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo lọ yọjú lójú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ náà. Bàbá wà lórí ibùsùn, ojú wọn là sílẹ̀. Màmá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n gbé orí lé etí ibùsùn, wọ́n sùn fọnfọn. Ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ ni Bàbá fi rọra di gèlè ìyàwó wọn mú kó má bàa já bọ́. Wọ́n rí mi. Wọ́n mi orí díẹ̀ pé kí n má pariwo. Mo rọra padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Ìyá mi, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ọlọ́run tó mú mi wá síbí yóò mú mi padà bá yín ní ìlera. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti ọmọdé, kí ẹ kí àwọn aládùúgbò, oníewúrẹ́ náà pẹ̀lú. Tí wọ́n bá bi yín pé báwo ni mo ṣe wà, ẹ ní ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo wà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́