Ìyá Ń Bọ̀, Kì Í Ṣe Ìyà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú èéfín ẹja. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìkòròdú níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá mi ò gbà mí tán: orí wà nínú ilé, ẹsẹ̀ wà ní kọ́rídọ̀. Bọ̀sẹ̀ àbúrò mi, ìwọ lo máa kà á fún wọn. Má fo ibì kankan.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ la ṣì wà. Tí òjò bá pa mí bọ̀ láti ibiṣẹ́, ara mi á máa hó.

Ẹ ní kí n sọ ibi tí àwo orin mi dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta gìtá béèsì lẹ́yìn àwọn ọ̀gá olórin. Tí wọ́n bá ya fọ́tò, apá mi nìkan ló ń hàn. Èyí, tèmi nìkan ni. Fọ́ńkì gidi, orin tí béèsì ti ń ṣe baálé. Kúnlé tó ní sìtúdíò n'Ígbògbò ló ń bá mi gbà á sílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ti parí, ó ku orin kan, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ rántí pé tí ẹ bá ń ti ọjà Ẹ̀pẹ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, èmi àti Bọ̀sẹ̀ á dúró létí omi ní Èjìnrìn, a ó máa pariwo pé ìyá ń bọ̀. Ohun tí mo fi béèsì sọ nìyẹn. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni béèsì ń gbé, Ìyá mi. Ibi tó yẹ kí ohùn ti gòkè, ó já wálẹ̀. Ó wá ń sọ pé, ìyà ń bọ̀, ìyà ń bọ̀.

Àwa ò mọ̀ o, à ń mi orí. Àfìgbà tí Àlájà tó ni ilé tí sìtúdíò wà kanlẹ̀kùn, tó fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé, "Mùfú, ta lò ń ṣépè fún nínú ilé mi?" Ọlọ́kadà kan tó dúró sábẹ́ fèrèsé ní kí n má da ara mi láàmú, ìyà tí mò ń kéde ti dé ọ̀dọ̀ òun tipẹ́.

A mú ọmọbìnrin kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, kó fẹnu kọ ọ́. Ohùn ẹ̀ gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti jẹun yó ló ṣe ń kọ ọ́. Èmi náà gbìyànjú. Ohùn mi já ju ti gìtá lọ. Mo ní eruku ọṣẹ ló kó sí mi lójú. Kúnlé ò bi mí pé ọṣẹ wo.

Lórí fóònù, mo ní kí ẹ wá. Ẹ ní ta ló máa wo ẹja tó wà lórí iná, ẹ wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ti jẹun, Ìyá mi. Ebi oúnjẹ kọ́ ló ń pa mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹja sílẹ̀ fún Bọ̀sẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ẹ ò ní kọrin kankan. Èmi ni mo máa dúró létí omi n'Ìkòròdú, Kúnlé á gbé makirofóònù dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí mo bá ti rí gèlè yín lókèèrè, ohùn mi á mọ ọ̀nà òkè fúnra ẹ̀.

Kí omi má bínú sí yín, kí ẹja yín má jóná, kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, títí dé àwọn tó sọ pé gìtá ò lè bọ́ mi. Wọn ò purọ́, àmọ́ ẹ bá mi kí wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń wo ojú omi,
Mùfú.