Ẹ Ò Dúró ní Oríta

                                        Ilé Bàbá wa,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú fàájì àná o. Mo gbọ́ pé ẹran yíyan ibẹ̀ dùn, pé ẹ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Ẹ̀rín á máa bá yín gbé.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn tiwa, torí ẹ ò dúró wò ó. Ẹ ò ní gbàgbé bí ọkọ yín, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ ayé àtijọ́, ṣe tẹrí ba fún Bàbá lójú gbogbo èèyàn láàárọ̀ àná, tó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú wa lónìí." Inú Bàbá dùn bí ọmọdé tó rí bàtà tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti fi nu ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ yẹn. Ó ní kí n jókòó ti òun, kí n máa bá òun wo ẹ̀yìn, torí ọrùn rẹ̀ kò yí mọ́, ojú rẹ̀ kò sì ká jíígí.

À ń rọra lọ, gbogbo yín tò tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a dé oríta, Bàbá yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà adágún odò, bí a ṣe jọ fẹnu kò sí i. Mo wo jíígí. Ọkọ yín yà sósì, àwọn yòókù sì wọ́ tẹ̀ lé e. Mo rí yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ẹ ń jù ú sí wa bí ẹni ń lé adìẹ. Onígbàjámọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ ti jẹ́wọ́ fún mi pé ẹ ti jọ pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọkọ yín ní ìrìn ìgbín Bàbá ti sú òun.

Ta ló ṣòfin pé ẹni tó bá dé oríta kó dúró de ẹni ẹ̀yìn? Bàbá kọ́ ni? Orí itan rẹ̀ lẹ ti kọ́ òfin yẹn.

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń bọ̀?" Kí ni kí n wí? Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀, Bàbá." Ló bá na ọwọ́ jáde, ó ń juwọ́ sí ọ̀nà tó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé oúnjẹ, níbi tó ti ní kí wọ́n tẹ́ tábìlì gígùn sílẹ̀ dè wá. Ó jókòó sórí àga olórí, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Agbáwo béèrè àwọn yòókù, Bàbá ní ọ̀nà wọn jìn ni. Ìgbà náà ni mo bú sẹ́kún. Ó rọra fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní òun ti mọ̀ láti oríta, pé nítorí tèmi lòun ṣe ń juwọ́.

Òkété dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọmú tiyín korò jọjọ. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà bọ̀ wálé. Bàbá ti kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi, ó ní òun kò wakọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ má bá mi kí ọkọ yín.

Bàbá ní n kò gbọ́dọ̀ bá yín jà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rán mi. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ yín yà sósì, òun gbọ́ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké fíín. Ó ní kí ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀, kó má lọ já lójú ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní dúró dè yín.

                                        Èmi tí mo jókòó ti Bàbá,
                                        Àbígbẹ̀yìn.