Ojú Màmá àti Káàdì Ènìyàn Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Màmá, ìyá bàbá mi, rán síìpù ṣòkòtò oníbàárà sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn! Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Dókítà ní awọ funfun ló bo ẹyin ojú méjèèjì, àfi iṣẹ́ abẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Àìkú, 8
Ìpàdé ẹbí lórí fóònù. Èmi ni mo di fóònù mú, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.
Dádì Ọ̀fẹ́ (ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òkè òkun) ní kí Màmá wá sọ́dọ̀ òun, ìjọba ló ń wo gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Àǹtí Káàdì, àbúrò wọn tó wà ní òkè òkun mìíràn, já lu ọ̀rọ̀: "Ọ̀fẹ́ tí ẹ ń tò fún bí èèrà? Lọ́dọ̀ tiwa, fi káàdì ínṣúránsì hàn lónìí, dókítà á rí ẹ lọ́la." Bàbá mi ní ínṣúránsì ibi iṣẹ́ òun ńkọ́, tí owó ẹ̀ lóṣooṣù ò tó owó ọṣẹ. Wọ́n ń polówó bí ẹni ń ta bàtà.
Màmá jẹ́ kí wọ́n pariwo tán. Ó ní: "Ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà wo lẹ fojú kan dókítà gbẹ̀yìn?"
Òótọ́ bá tú jáde.
Orúnkún Dádì Ọ̀fẹ́ ṣì wà lórí ìlà láti ọdún tó kọjá. Àǹtí Káàdì — kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó gọbọi lápò ara ẹ̀, nítorí náà omi gbóná ló fi ń tẹ ẹ̀yìn tó ń ro ó. Bàbá mi ń wo òrùlé.
"Ẹni tó lóun máa dáṣọ fún mi," Màmá ní, "ọrùn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò."

Ìṣẹ́gun, 10
Mo fọ̀rọ̀ wá Bàbá lẹ́nu wò. Àṣírí òrùlé tú. Ínṣúránsì ẹ̀ gba ènìyàn mẹ́rin péré: òun, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi, Ọ̀gbẹ́ni Ikọ́, tí ikọ́ ẹ̀ lè jí òkú. Kò sáyè Màmá. Oṣù yìí nìkan ni wọ́n ń gba àtúnṣe, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 11
Mo rò ó. Orí gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo ní kí wọ́n yọ mí, kí Màmá gba àyè mi. Èmi tí ibà ń rí tó ń sá! Èmi tí ẹ̀fọn jẹ tí ẹ̀fọn dákú!
Ìyá mi ní tí àìsàn bá wá dé ńkọ́. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe torí yín o, ó ti sú mi láti máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yín." Irọ́ ni. Ó mọ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò gbé e kúrò.
Ọdún kan péré.

Ẹtì, 27
Orúkọ mi jáde, ti Màmá wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹrin
Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ojú ọ̀tún Màmá. Ilé ìwòsàn tí ínṣúránsì fún wa — ọkọ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn ibi tí ayé parí sí. A jókòó títí irun fi fẹ́ hù lágbọ̀n mi. Iṣẹ́ abẹ gan-an ò pẹ́ tó ìyá mi nídìí dígí.

Ìṣẹ́gun, 21
Wọ́n tú báńdéèjì. Màmá wò mí, ó tún mi wò: "Àṣé bí o ṣe ń dọ̀tí tó nìyí?"

Àbámẹ́ta, 25
Bọ́ọ̀lù wa wọ àgbàlá aládùúgbò. Mo gun ògiri, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Ni igbe bá sọ láti ojú fèrèsé wa, ní òdìkejì títì, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ:
"Ìwọ ọmọ yìí! Sọ̀kalẹ̀! O ò ní ínṣúránsì!"
Gbogbo àdúgbò gbọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin dání. Ọdún yìí á gùn o.