Ìgbà Tí Tọ́ọ̀ṣì Kú Nínú Ihò Àpáta

Sodnom, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Seoul o. Mo kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Ara wa le. Ìyá ní oògùn ẹsẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, kí o jọ̀wọ́ fi òmíràn kún un.

Èmi àti ọkọ mi Gantulga wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Gobi já lọ kí Bàbá àti Ìyá nílé. Táyà jò lẹ́ẹ̀mejì, Gantulga sì ń kọrin bó ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ wo àwọn ihò àpáta ẹ̀yìn òkè. Bàbá ní àwọn ló máa mú wa lọ.

A ti wọnú ihò jìnnà nígbà tí tọ́ọ̀ṣì wa kú. Mo dì mọ́ Gantulga. Bàbá ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ ní tiwọn, wọ́n ń pìtàn lọ.

"Kí ló dé tí ẹ dúró? Ẹ̀yin ará ìlú ńlá Ulaanbaatar, ṣé ó ti rẹ̀ yín?"

"Bàbá, iná ti kú."

Wọ́n yíjú padà sí wa. "Ìgbà wo ló kú?"

Sodnom, bí a ṣe mọ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀tún Bàbá ti lọ. Inú oòrùn nìkan ni tòsì ti ń ríran díẹ̀, dókítà sì ní kò ní pẹ́ lọ. Ìyá mọ̀ tipẹ́, Bàbá ló ní kí wọ́n má sọ. Bàbá fà mí lọ́wọ́ jáde, wọn ò kọsẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Má sọ fún Sodnom, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀."

Mo ti sọ. Jọ̀wọ́, ẹ wálé wá ṣọdún tuntun wa, Tsagaan Sar. Kí Ọ̀run ayérayé ṣọ́ yín lọ́nà.

Bàbá bi mí pé imú ta ni ọmọbìnrin yín tí àwọn ò tíì rí gbé wáyé. Mo ní kí wọ́n dúró wò ó fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Uyanga