Ẹ̀fọn Ẹlẹ́sẹ̀ Márùn-ún

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ohùn iyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Ojú mi kì í sábàá túká, àmọ́ lọ́sẹ̀ yìí orí mi wú.

Mo lọ dánwò láti kọ́ṣẹ́ nílé ìwádìí ẹ̀fọn tìjọba. Wọ́n ní ká fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀fọn kan, ká ya àwòrán rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà làwọn yòókù yà, èmi ya márùn-ún.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Arọ ni tìẹ ni?”

Ọ̀gá ibẹ̀ wo ẹ̀fọn náà fúnra wọn. “Ẹsẹ̀ kan ti já lóòótọ́. Ọmọ yìí nìkan ló wò ó.”

Wọ́n gbà mí!

Màmá mi kọ̀: “Ẹ̀fọn tá à ń lé lo fẹ́ lọ máa sìn?”

Mọ́ńdè ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ń gbọ́ yín lórí rédíò ní kíṣìnnì báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n lọ, kí wọ́n sì fi mí yangàn ládùúgbò.