Orúkọ Agatha Nínú Ẹ̀rọ Mi

Kabba,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Gbádéyan,

Okun o. Mo gbà pé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlọrin, pé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, pé orúnkún tó ń dà yín láàmú sì ti fúyẹ́. Ara tèmi náà le, àfi ọwọ́ òsì mi tó kán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá.

Ẹ ti gbọ́ pé àwọn agbébọn wọ ọjà oko kan lẹ́yìn Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n gun ọ̀kadà dé, wọn ò sì bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n yìnbọn fún Bàbá Hezekiah tó ń ta iṣu, ó ṣubú lé iṣu rẹ̀ lórí. Wọ́n ṣá ìyá kan ládàá lọ́rùn torí pé kò jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó lè sáré wọ inú oko kajú lọ, ìbọn ń ró tẹ̀ lé wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó àwọn tó yè wá. Mo sáré kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń to orúkọ wọn ní a-bí-dí, tó sì ń sọ nọ́ńbà yàrá tí olúkúlùkù wà. Ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀, èmi ló ń bi.

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Philip wọlé, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ló kún aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wo Agatha, ìyàwó mi." Mo tẹ orúkọ náà, òdo ló jáde. Mo ní kò tíì dé. Òótọ́ ni.

Bí mo ṣe bi ẹ̀rọ ni kò dáa. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo ní kó mú yàrá Agatha wá. Nínú èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ètò yẹn, bí èèyàn bá bèèrè báyẹn, tí orúkọ náà kò sì sí, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ti dé, á fi òdo síwájú rẹ̀ bíi nọ́ńbà yàrá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìkánjú ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Kò pẹ́ tí Moses, olórí àwọn ọdẹ, wá gba orúkọ àwọn tó ti dé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún un, orúkọ nìkan, láìsí yàrá. Agatha wà níbẹ̀. Moses fi bírò pa á rẹ́ nínú ìwé orúkọ àwọn tó sọnù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ku Lucy àti Benjamin, tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá bèèrè wọn lọ́wọ́ mi. Àwọn ọdẹ wọgbó, wọ́n rí àwọn méjèèjì kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n bá padà sílé.

Philip kò gbà. Òun nìkan ló padà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Inú kòtò ló ti bá ìyàwó rẹ̀. Ọta ti fọ́ eegun itan rẹ̀, èèrà ti bo ojú egbò. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà.

Ó wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó la kọ̀ǹpútà mi mọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ àga ṣẹ́ mi lọ́wọ́, ó ń pariwo pé, "Ìwé yín ní ó ti dé! Yàrá wo lẹ fi í sí?" Wọ́n fẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Agatha, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó kọjú sí ògiri, ó ní: "Mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń pe Lucy, wọ́n ń pe Benjamin. Ohùn mi ti lọ, mo mú òkúta kan lọ́wọ́ pé bí wọ́n bá pe èmi, màá fi lu igi. Wọn ò pè mí. Mo ní Philip ti kú nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń wá mi. Mo bá ju òkúta náà sílẹ̀."

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lọ, ṣọ́ yín bọ̀. Kí ilé yín má ṣe dín.

Èmi ni àbúrò yín,
Tóyọ̀sí.

Àfikún: Mo ti tún ètò náà kọ sórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́. Ìlà kan péré ni mo yí padà.